Ìgbà Tí Ẹjọ́ Àbúrò Mi Bọ́ Sọ́wọ́ Àwọn Adájọ́ Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Orúkọ àwọn adájọ́ márùn-ún tó máa gbọ́ ẹjọ́ àbúrò mi ti jáde. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà kọ́ọ̀tù. Mo kà á, mo lọ ra omi, mo tún padà wá kà á bí ẹni pé wọ́n lè ti pààrọ̀ ẹ̀ kí n tó dé.

Mo mọ gbogbo wọn. Kí n má parọ́, mo mọ̀ wọ́n ju ẹbí ọkọ mi lọ. Láti ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ka ìdájọ́ wọn, tí mò ń jókòó sẹ́yìn kọ́ọ̀tù wọn, tí mò ń lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, tí wọ́n sì ń sọ tinú wọn fún mi nítorí ìwé tí mò ń kọ. Àdéhùn wa ò lọ́jú pọ̀: ohun tí wọ́n bá sọ fún mi, ẹnu mi ò gbọdọ̀ gbé e jáde, orúkọ wọn ò sì gbọdọ̀ hàn nínú ìwé. Níbí náà, orúkọ tí mo sọ wọ́n ni mo fi ń pè wọ́n. Baba Olórí àti Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín àti Oníkọ́ wà níbẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ni Gíláàsì.

Àbúrò mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Wàràwàrà láti ìgbà tó ti fò jáde níkùn Màámi kí agbẹ̀bí tó dé, ló díje fún ìjókòó ilé aṣòfin. Wọ́n ní ó fìdí rẹmi. Ó ní irọ́ ni, wọ́n yí ìbò. Ó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò, àmọ́ lọ́yà ẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n bú ọmọ ọlọ́mọ, lọ fi orúkọ ọ́fíìsì ẹ̀ buwọ́ lùwé dípò orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n da ẹjọ́ nù láì wo ìbò kankan. Ìyẹn ló gbé wa dé kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn.

Baba Olórí àti Abẹ́rẹ́ á ní ìwé tí kò lórúkọ èèyàn kì í ṣe ìwé. Ẹlẹ́rìn-ín àti Oníkọ́ á ní ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ná. Ó ku Gíláàsì, òun ló máa já a. Gbogbo ìgbà tó ti wà lórí àga, kò tíì fìyà àṣìṣe lọ́yà jẹ oníbàárà rí. Mẹ́ta sí méjì. Àbúrò mi máa jàre.

Mo jókòó sínú mọ́tò, mi ò ṣáná sí i. Inú mi dùn, síbẹ̀ ara mi ò balẹ̀ rárá.

Ọjọ́rú, 5

Wàràwàrà dé kí n tó fọ ẹnu tán.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Èwo ló burú nínú wọn?”

“Káàárọ̀. Jókòó ná.”

“Mi ò jókòó. Èwo ló burú?”

Mo ní kò sí èyí tó burú. Ó ní ṣé èmi tí mo ti ń bá wọn jẹ tí mo ti ń bá wọn mu láti ọdún mẹ́fà ni mi ò mọ èyí tó burú. Mo ní tíì nìkan ni wọ́n ń fún mi, kì í sì í ní ṣúgà.

“Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́. Ẹ ò lè sọ gbólóhùn kan fún ọmọ ìyá yín?”

Mo ní mo bá wọn ṣàdéhùn. Ó wò mí bí ẹni pé ẹja ni mo lọ bá ṣàdéhùn nínú omi. Ọkọ mi, dókítà eléyín, yọjú láti yàrá pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó ní kí Wàràwàrà rọra o, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ làá pa àmúkùrù orí ẹ̀pọ̀n. Wàràwàrà ní òun ò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nígbà tó sì lọ tán, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló fà á.

Mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa Gíláàsì, ṣé ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, àbí inú ìdájọ́ ẹ̀ tí tajá-tẹran lè kà? Méjèèjì ti pò pọ̀ nínú orí mi bí iyọ̀ àti omi. Tí n bá la ẹnu, mi ò ní mọ ibi tó yẹ kí n pa á dé. Ó sàn kí n má là á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Màámi náà ti gbé tiwọn dé. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú ni wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ wa, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé sì ti di kọ́ọ̀tù tiwọn.

“Tíṣà.” Tí wọ́n bá ti pè mí ní tíṣà báyìí, mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi. “Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.”

“Màámi, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jù, wọ́n á lé e lẹ́nu iṣẹ́.”

“Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ kí o máa wo adájọ́ lójú?”

Ẹ wo nǹkan. Gbogbo ìwé tí mo kà láyé, Màámi fi gbólóhùn kan ṣoṣo ṣàlàyé ẹ̀, mo sì lọ ń gé èékánná tí mo ti gé lánàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ẹ gbà mí o.

Lọ́dọọdún, kíláàsì tí mò ń kọ́ nímọ̀ òfin ní yunifásítì máa ń mú ẹjọ́ kan tí wọn ò tíì dá. Wọ́n á lọ ka ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá àwọn adájọ́ tó máa dá a, wọ́n á wá kọ ọ́ sójú pátákó: ta ló máa lọ síbo, kí sì ni ìdí ẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá ṣẹ, mo máa ń fún un ní máàkì kún máàkì. Èmi náà máa ń kọ tèmi, wọ́n sì fẹ́ràn àtimáa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí n bá kùnà. Lọ́dún yìí, ẹjọ́ Wàràwàrà ni wọ́n mú. Wọn ò mọ̀ pé àbúrò mi ni, torí orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́.

Mo ní kí wọ́n mú òmíràn. Wọ́n ní kí ló dé? Mo ní ẹjọ́ yẹn ò dùn. Ariwo ta! Wọ́n ní òun ló dùn jù nínú gbogbo ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo wá ní èmi ò ní kọ tèmi lọ́dún yìí, kí wọ́n má baà jí ọgbọ́n mi kọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà.

Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó níwájú, tí a ń pè ní Oníbéèrè, ló kọ́kọ́ dìde. Kò wo ìwé. Ó kọ orúkọ márààrún, ó fàlà sábẹ́ wọn, ó kọ mẹ́ta sí méjì, olùpẹ̀jọ́ jàre. Ó fi ìka tọ́ka sí orúkọ Gíláàsì.

“Èyí ló máa já a. Mà, obìnrin yìí kì í jẹ́ kí oníbàárà jìyà lọ́yà.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Òun fúnra ẹ̀. Ìdájọ́ ẹ̀ wà ní láíbìrì. Mo kà wọ́n.”

Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ká ní Wàràwàrà yọjú lójú fèrèsé kíláàsì mi láàárọ̀ yìí, ì bá sùn dáadáa lálẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bébà ìtẹ̀wé tún ti gbówó lórí, oníṣọ́ọ̀bù ní kí n rà á kíá torí tọ̀la máa burú jù báyìí lọ. Onítẹ̀wé mi pè: ó fẹ́ gba orí karùn-ún kí oṣù kẹrin tó parí. Orí karùn-ún, Gíláàsì ló gbé e ró láti òkè délẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà.

Mo tún àwọn ìwé orí ṣẹ́ẹ̀fù tò. Nígbà tó di ọ̀sán, mo dà wọ́n padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà lónìí. Mo jókòó sẹ́yìn bí ìṣe mi. Wàràwàrà wà níwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Baba Olórí kí lọ́yà wa pẹ̀lẹ́ nítorí ọ̀fìnkìn tó ń bá a jà. Abẹ́rẹ́ ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo òrùlé. Gíláàsì ló kọjú sí lọ́yà.

“Lọ́yà, orúkọ ta nìyí? Ṣé ilé iṣẹ́ máa ń mú bírò ni?”

Gbogbo kọ́ọ̀tù bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà ń làágùn.

“Ta ló jókòó tó kọ ìwé yìí?”

“Èmi ni, Adájọ́.”

“Ṣé o ní ìwé àṣẹ láti máa ṣe lọ́yà?”

“Mo ní i, Adájọ́.”

“Lọ́jọ́ tí o kọ ọ́ ńkọ́?”

“Mo ní i lọ́jọ́ náà.”

“Gbé ohùn sókè kí akọ̀wé lè kọ ọ́ sílẹ̀! Èèyàn ń bọ̀ wá sí kọ́ọ̀tù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun!”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ohun tó ń wá nìyẹn. Ó ti rí i gbà lẹ́nu ọkùnrin náà pé èèyàn gidi, tó jẹ́ lọ́yà gidi, ló kọ ìwé ẹjọ́, ó sì ti wọnú àkọsílẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tí Gíláàsì bá fẹ́ gbà là ló máa ń bá jà, torí ó fẹ́ gba gbólóhùn tó máa fi gbà á là lẹ́nu ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa, kì í bi í ní nǹkan kan. Mo ti rí i tó ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà.

Wàràwàrà ò rí i rí. Nígbà tí a jáde, ètè ẹ̀ ti funfun.

“Obìnrin yẹn ló máa pa mí. Baba yẹn lójú àánú, ẹ rí bó ṣe kí lọ́yà mi. Èyí tó ń wo òrùlé náà ò ní nǹkan kan nínú. Àmọ́ obìnrin yẹn! Kí ni mo fi ṣe é?”

“Fi ọkàn balẹ̀.”

“Nítorí kí ni?”

“Ṣáà fi ọkàn balẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ nǹkan kan ni?”

Mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Mo ní kó lọ jẹun. Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́, ẹ̀rù sì bà mí pé tí mo bá tún dúró díẹ̀ sí i, màá sọ ọ́. Mo sáré wọ mọ́tò bí ẹni tó jalè.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Wàràwàrà wá kí Màámi. Ó kó ọsàn wá, ó ń súfèé, ó jókòó sórí àga kan náà títí ó fi jẹun tán. Wàràwàrà tí kì í fìdí kan àga! Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí n bi í ní irú iṣẹ́ tí Ọlọ́run ń ṣe. Mi ò bi í.

Ọjọ́rú, 26

Akọ̀wé Gíláàsì pè mí ní ọ́fíìsì. “Adájọ́ ní kí ẹ wá lọ́la. Wọ́n ní ẹ má mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá.”

Mo bi í pé ṣé kò sí o. Ó ní ẹ ṣáà wá. Kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò rí oúnjẹ jẹ. Ọkọ mi ní tó bá jẹ́ eyín ni, òun ì bá ti fà á kí n sinmi.

Ọjọ́bọ̀, 27

Láti ọdún tí mo ti ń lọ síbẹ̀, “Tíṣà mi, o dé?” ni obìnrin yìí máa fi ń kí mi. Lónìí, ó ní, “Ẹ káàsán. Ẹ jókòó.” Ẹni tó ń ṣe mí bí ọmọ tẹ́lẹ̀, tó wá ń ṣe mí bí àlejò!

“Ọkùnrin kan wá sílé mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n òun.”

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀.

“Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, Mà. Ìyá kan, bàbá kan.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ rán an?”

“Rárá o! Mi ò tiẹ̀ gbọ́ sí i. Mà, mo fi...”

“Ẹ má búra. Mo gbà yín gbọ́.” Ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Ojú ẹ̀ kéré láìsí i, ó dà bí ìyá ẹnikẹ́ni. “Wọ́n ti fún un lómi mu nílé mi kí n tó mọ ẹni tó jẹ́. Ó ní òun kàn wá kí mi ni, pé kí n fojú àánú wo òun. Mo ní kó máa lọ. Àmọ́ ó ti wá ná. Mo ti sọ fún olórí wa pé mo yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi rọ́ wá sẹ́nu. Ẹ má yọwọ́, Mà. Ẹ̀yin lẹ máa gbà á là. Ọmọ náà ò mọ̀ ni, ó rò pé ọ̀tá ni yín torí ẹ pariwo mọ́ lọ́yà ẹ̀.

“Mà, ṣé kò sí...”

“Ṣé kò sí kí ni?”

Ó dúró dè mí. Kò fi ìbínú wò mí, ó dúró dè mí gan-an ni. Mo wá rí i gbangba pé kò sí ohun tí mo lè sọ. Tí mo bá ní kó má yọwọ́, èmi ni ẹnì kejì nínú ẹbí wa tó wá bẹ̀ ẹ́. Tí mo bá sọ ìdí ẹ̀, mo ti sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún un lórí ẹjọ́ tí kò tíì dá. Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà tí kò ní bàjẹ́ ju báyìí lọ?

“Kò sí, Mà.”

“Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa náà parí síbí. Ohun tí mo ti bá yín sọ sẹ́yìn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé yín. Mi ò bá yín jà o.”

Ó dìde, mo dìde. Mo ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tó tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, bí ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ ọ́.

“Ó dùn mí. Ẹjọ́ gidi ni.”

Mo sunkún nínú mọ́tò. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi bò.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Mo ti to èébú tí mo fẹ́ bú Wàràwàrà sílẹ̀ láti àárọ̀. Kí n tó débi ilé ẹ̀, òun ti dé tèmi, ó gbé páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò léjìká.

“Ẹ ti gbọ́? Obìnrin yẹn ti yọwọ́! Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n lẹ̀ síbẹ̀!”

Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọpẹ́ lórí àga.

“Ta ló ní kí o lọ sílé ẹ̀? Ta ló ní kí o dárúkọ mi?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀. Mo kàn lọ jẹ́ kó rí ojú mi ni, kó mọ̀ pé ọmọ èèyàn ni mí. Ó fún mi lómi pàápàá. Ẹ wò ó, ó sá! Ẹni tó fẹ́ pa mí ti lọ. Ó ku àwọn tó dáa.”

Ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà ìdìbò, mi ò tíì rí eyín ẹ̀ báyẹn. Gbogbo èébú tí mo tò sílẹ̀, ọ̀kan ò jáde. Mo ṣáà sọ fún un pé iṣẹ́ ọdún mẹ́fà mi ti bà jẹ́. Ó ní kí n máa bínú, tí òun bá ti dé ilé aṣòfin, òun á bá mi gba òmíràn. Màámi ní kí wọ́n fún mi lómi tútù, orí mi gbóná.

Mo jáde lọ fọ mọ́tò. Mọ́tò náà ò dọ̀tí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin

Adájọ́ tí wọ́n fi rọ́pò Gíláàsì ni Rúlà. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Ìwé tó bá fi ìka kan kúrò lórí ìlà, òkú ni lọ́dọ̀ ẹ̀.

Kí n tó wọ kíláàsì, Oníbéèrè ti nu mẹ́ta sí méjì tiẹ̀ kúrò, ó ti yí i padà. Olùpẹ̀jọ́ jẹ̀bi.

“Mà, ẹni tó lé obìnrin yẹn kúrò nínú ẹjọ́ yìí, òun ló pa ọkùnrin náà.”

Ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn pé àwọn ọ̀tá ẹ̀ ni, ó dájú, àwọn ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Òmíràn ní àwọn ọ̀tá náà gbọ́n o, ó yẹ kí wọ́n wá máa kọ́ wa. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé. Àkókò ò tíì tó, wọn ò sì bi mí léèrè.

Ọjọ́bọ̀, 3

Ọ́fíìsì olórí kọ́ọ̀tù pè: wọ́n ti gba àṣẹ tí wọ́n fún mi láti máa bá adájọ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo adájọ́ o, kì í ṣe Gíláàsì nìkan. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní kí n má sọkún, ìwé míì wà tí èèyàn lè kọ. Mo ní ẹ ṣeun, Sà. Ká ní mo ní òkúta lọ́wọ́!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5

Mo jókòó ti orí karùn-ún láti yọ gbogbo ohun tí Gíláàsì sọ fún mi kúrò. Mo rò pé á wó lulẹ̀. Bí mo bá ti yọ ọ̀kan, màá lọ wo ìdájọ́ ẹ̀, màá sì bá ọ̀rọ̀ kan náà níbẹ̀, ní títẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ojú ìwé. Oníbàárà kò gbọdọ̀ jìyà lọ́yà: ó ti kọ ọ́. Kó máa bá lọ́yà wí láti gba òótọ́ lẹ́nu ẹ̀: ó kọ ìyẹn náà, ó tiẹ̀ fi ṣe àwàdà. Kò sí nǹkan kan tó sọ fún mi nínú ọ́fíìsì tí kò ti sọ fún gbogbo ayé.

Orí karùn-ún dúró digbí. Ó tilẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀, mo jókòó sórí ilẹ̀. Àdéhùn tí mo torí ẹ̀ pa ẹnu mọ́, kò kan ohun tí àbúrò mi bi mí. Mo lè sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo lè fà á lọ́wọ́ lọ sí láíbìrì kí n ṣí i sí i lójú. Mo ń ṣọ́ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 9

Wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́ nítorí Rúlà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi lọ́yà: “Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?” Wàràwàrà ní èyí jọ èèyàn jẹ́jẹ́.

Ooru mú. Iná ò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Mẹ́ta sí méjì. A pàdánù. Baba Olórí ló kà á, ohùn ẹ̀ sì tutù bí ti ẹni tó ń ka ìwé fún ọmọ tó fẹ́ sùn. Ẹlẹ́rìn-ín àti Oníkọ́ ta kò ó. Kò síbi tí ẹjọ́ ìbò ń gbà kọjá ibẹ̀. Ó ti parí.

Wàràwàrà jókòó títí wọ́n fi ń gbálẹ̀ kọ́ọ̀tù. Mo lọ jókòó tì í. Ó ń wo àga Rúlà.

Ọjọ́rú, 16

Màámi ò jẹun láàárọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ kó abọ́, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Obìnrin yẹn, tí kò bá yọwọ́ ńkọ́?”

Mo ń to abọ́ léra.

“Mo bi ọ́ o.”

“Ì bá jàre, Màámi.”

Wọ́n tú gèlè, wọ́n ká a, wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Kíláàsì mi lódindi.”

“Háà.” Wọ́n mi orí. “Má sọ fún un. Bí o bá sọ fún un, ṣé ìjókòó náà á padà ni? Jẹ́ kó rò pé ayé ló ṣe é.”

Mo ní mi ò ní sọ. Mo sì ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17

Wàràwàrà wá lọ́sàn-án yìí. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó jókòó sítòsí Màámi, ó ń tù wọ́n nínú. Ó ní ọdún mẹ́rin ò jìnnà. Ó ní òun ti rí ibi tí òun ti ṣìṣe.

“Ibo lo ti ṣìṣe?” Mo rò pé á dárúkọ lọ́yà.

“Ẹnì kan péré ni mo lọ bá. Ẹ wò ó, èyí tí mo lọ bá yọwọ́. Àwọn tí mi ò lọ bá ló pa mí. Nígbà míì, gbogbo wọn ni mo máa lọ kí nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ṣáà máa fi ilé wọn hàn mí.”

Mo wo Màámi. Wọ́n fi ojú sọ fún mi pé má dán an wò. Àmọ́ mo rí i níwájú mi, ọmọ yìí, lọ́dún mẹ́rin sí i, tó ń kan ilẹ̀kùn márùn-ún, tó ń dárúkọ mi níkọ̀ọ̀kan wọn. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

“Tìrẹ ni obìnrin yẹn ń ṣe,” mo ní. “Láti ìbẹ̀rẹ̀. Ariwo tó ń pa mọ́ lọ́yà ẹ, ó ń wá ọ̀nà tó máa fi gbà ọ́ là ni. Ká ní o jókòó sílé ẹ ni, ò bá ti jàre báyìí.”

Mo rò pé á pariwo. Màámi náà rò bẹ́ẹ̀, wọ́n ti na ọwọ́ sí i. Kò pariwo.

“Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ tí orúkọ wọn ti jáde.”

“Kí n tó wá bá yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?”

“Kí o tó wá.”

“Mo ní gbólóhùn kan péré.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣé àdéhùn yẹn ló dè yín lẹ́nu?”

Ọ̀nà àbáyọ ló ṣí fún mi yìí. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á bínú, á gbà, ó máa tán lọ́jọ́ kan. Mo rántí orí karùn-ún.

“Rárá,” mo ní. “Mo rò pé òun ni. Kì í ṣe òun.”

Ó dìde, jẹ́jẹ́, Wàràwàrà tí kì í ṣe nǹkan kan jẹ́jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan orúnkún Màámi, ó ní Màámi, ó dàbọ̀ o, màá wá wò yín lọ́jọ́ Àìkú. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ẹ̀ lórí tábìlì. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo sún fún un, ó gba iwájú mi kọjá, kò sì kí mi.